Ó ku bọ́tìnnì nìkan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé aṣọ fún télọ̀ rí, ẹ ò nílò kí n túmọ̀ àkọlé yẹn fún yín. Iléyá ku ọjọ́ méjì, o pe télọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbé fóònù, o ní ṣé aṣọ mi ti jáde, ó ní "háà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ku bọ́tìnnì nìkan", ìwọ náà bá ń dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ sísọ́ọ̀sì lò ń gbọ́ lẹ́yìn ohùn ẹ̀ yẹn, aṣọ ẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gé.

Mo lè fọwọ́ sọ̀yà torí èmi náà ti pa irú irọ́ yẹn rí. Mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn kí n tó wọ yunifásítì. JAMB ò gbà mí lọ́dún àkọ́kọ́, wọn ò gbà mí lọ́dún kejì, bàbá mi bá ní àwọn ò lè máa wo ọkùnrin tó ń sùn títí di aago mẹ́wàá nínú ilé àwọn, wọ́n mú mi lọ bá ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń rán aṣọ ọkùnrin. Ọdún méjì àti oṣù mélòó kan ni mo lò níbẹ̀. Lónìí iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe l'Ékòó, mo ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, mo ní káàdì tí mo fi ń ṣílẹ̀kùn, àmọ́ tẹ́nì kan bá bi mí pé níbo lo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ yunifásítì.

Ohun tó jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ yìí ni tréníìnì kan tí wọ́n ṣe fún wa ní ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Professionalism" ni wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri. Ẹni tó wá kọ́ wa wọ súùtù aláwọ̀ búlúù, wákàtí mẹ́fà ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní ká máa wọ tai, ó ní ká má máa kọ ímeèlì ní lẹ́tà ńlá-ńlá bí ẹni tó ń pariwo, ó ní ká má lo pọ́fíùmù tó ń pa èèyàn, ó ní ká yé sọ Yorùbá ní kọ́ríídọ̀. Ibi tó ti ń sọ ti Yorùbá yẹn lọ́wọ́ ni màmá tó ń gbálẹ̀ fún wa gba ẹnu ọ̀nà kọjá, wọ́n ní "ẹ kú iṣẹ́ o", gbogbo wa wo ara wa lójú, kò sẹ́ni tó lè dáhùn, àfi bí ẹni pé ọlọ́pàá wọlé. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má wọ tai o. Àmọ́ aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní kí ọkùnrin yẹn dé, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wọlé, kò dẹ̀ sọ pé ẹ má bínú, ó kàn ní "Third Mainland", ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa so wáyà kọ̀ǹpútà ẹ̀ mọ́. Jọ̀lọ́ọ̀fù ọ̀sán nìkan ló dé lásìkò lọ́jọ́ yẹn.

Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tiwa fún ẹni tí òyìnbó ń pè ní "professional", akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àwọn tó ṣẹ̀dá ẹ̀ ò dúró síbi akọ́ṣẹ́, torí wọ́n mọ̀ pé èèyàn lè kọ́ṣẹ́ kó má mọṣẹ́, ìgboro dẹ̀ kún fún wọn, ẹni tó ti gba fúrídọ̀mù, tó ti ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀gá ẹ̀, tó ti fi ìwé ẹ̀rí kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, tó wá rán ṣòkòtò tẹ́sẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Àmọ́ èmi ò tiẹ̀ gbà pé mímọ̀ ọ́n rán nìkan ni mímọṣẹ́. Mo mọ àwọn kan tó mọ̀ ọ́n rán ju ọ̀gá mi lọ fíìfíì, mi ò dẹ̀ lè gbé háńkí lásán fún wọn. Ohun témi rò pé ó jẹ́ ni pé tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ẹnu ẹ ni ẹni tó ni ín á ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí i.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ò ju yàrá kan lọ. Maṣíìnì mẹ́rin ló wà ńbẹ̀, Butterfly mẹ́ta tá a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, àti Singer dúdú kan tí ọ̀gá tó kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́ fi sílẹ̀ fún wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó nídìí Singer yẹn àfi àwọn fúnra wọn. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́, téèpù lọ́rùn, ṣòkòtò wọn a ti já létí, torí pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú là ń lò nítorí NEPA. Wọ́n ti yí orúkọ NEPA sí PHCN láti 2005, àmọ́ orúkọ ni wọ́n yí, iná ò mọ̀ pé wọ́n yí i.

Ọmọọṣẹ́ tuntun kì í fọwọ́ kan maṣíìnì. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni mo gbá, omi ni mo pọn, èédú ni mo fẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n máa gán bọ́tìnnì, kí n máa ká etí aṣọ, kí n máa tú èyí táwọn séníọ̀ bá rán ṣì. Ẹ má fojú kékeré wo títú o. Bíléèdì lo máa fi tẹ̀lé òwú yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ́wọ́ ẹ bá yẹ̀ báyìí aṣọ ti ya, ẹni tó rán an ṣì á dẹ̀ sáré yí i mọ́ ẹ lọ́rùn. Pépà àpò sìmẹ́ńtì ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé nǹkan. Mo gé bùbá onípépà tó máa kárí gbogbo ọmọ àdúgbò kí ọ̀gá tó jẹ́ kí n gé aṣọ gidi, aṣọ gidi ọ̀hún náà, ṣòkòtò tara mi ni, wọ́n ní tí mo bá bà á jẹ́ kí n máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bà á jẹ́. Mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ní ìwé kan, bébà ẹ̀ ti le gbagidi nítorí òróró maṣíìnì àti eruku. Apá òsì ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí, èjìká 19, gígùn 44, ọwọ́ 25, ọrùn 17, apá ọ̀tún ni ọjọ́ tí wọ́n gbé aṣọ wá àti ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé e. Ìyẹn ò tíì ṣe mí ní kàyéfì, gbogbo télọ̀ ló ní irú ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bírò pupa ni wọ́n fi ń kọ nǹkan síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yọjú wò ó, ohun tí mo rí ni "ọrùn fún un mọ́ra. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n ṣì." Kò sẹ́ni tó bi wọ́n o. Kọ́sítọ́mà yẹn ti gbé aṣọ ẹ̀ lọ, kò tiẹ̀ ráhùn, bóyá ó rò pé òun ló sanra.

Ó wá dọjọ́ Tọ́sìdé kan. Alhaji kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ìlú yẹn gbé léèsì funfun wá láti Gbági, yáàdì mẹ́wàá, agbádá àti bùbá àti ṣòkòtò, ọmọ wọn obìnrin ló ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá gé e fúnra wọn, wọ́n rán an fúnra wọn lórí Singer, ó wá ku kí wọ́n lọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n lọ̀ ọ́, àwọn fẹ́ lọ kírun. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, mò ń lọ̀ ọ́ lọ ní tèmi, mo dẹ̀ ń kọrin, ẹ̀ta iná kan bá fò jáde lẹ́nu áyọ́ọ̀nù ó bọ́ sórí àyà agbádá yẹn, kí n tó gbọ̀n ọ́n dànù ó ti jó o. Ihò yẹn ò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Àmọ́ iwájú àyà gan-an ni.

Mi ò pariwo. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ká ibẹ̀ sínú. Séníọ̀ mi kan rí mi, ó wò ó, ó ní má mikàn, ó ní ká ṣe é pẹlẹbẹ dáadáa, ká fi bébà sí i lágbedeméjì, ká tì í sínú ọ̀rá, tí wọ́n bá fi máa rí i á ti dọ̀la, a máa ní bó ṣe kúrò níbí kò ní ihò, bóyá eku ilé wọn ni. Ẹ wò ó, ó ti ní eku lọ́wọ́. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ lò ó.

Ọ̀gá padà dé, wọ́n wo ọ̀rá yẹn, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní "kí ló wà nínú aṣọ yẹn?" Mo sọ. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ìgbátí, kò wá. Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n wọ bùbá lé síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé ọ̀rá yẹn lé mi lọ́wọ́, a gun ọ̀kadà kan ṣoṣo èmi àtàwọn, ó di ilé Alhaji. Wọn ò dúró di àárọ̀ o. Iná ò sí, làǹtánì ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún wa. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ju Alhaji lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n ní "Alhaji, mo ti ba aṣọ yín jẹ́."

"Mo" ni wọ́n sọ. Èmi tí mo jó o dúró sẹ́yìn wọn níbẹ̀, mò ń retí kí wọ́n fọwọ́ tọ́ka sí mi, wọn ò tọ́ka. Alhaji figbe ta. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, mi ò lè kọ gbogbo ẹ̀ síbí, ìyàwó wọn káwọ́ lérí. Ọ̀gá jẹ́ kí wọ́n bínú tán. Wọn ò ní "ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi ná", wọn ò sọ̀rọ̀ NEPA, wọn ò sọ̀rọ̀ èédú tó tutù lọ́jọ́ yẹn, wọn ò ṣépè fún Sátánì. Ìgbà tó yá wọ́n tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, wọ́n fi ìka sí ihò yẹn kí Alhaji lè rí i dáadáa, wọ́n ní "ọ̀nà méjì ló wà. Ilẹ̀ bá mọ́, màá ti wà ní Gbági kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, tí mo bá rí irú ẹ̀, màá rà á, màá rán òmíì, owó mi ni. Tí mi ò bá rí i, ó ṣẹ́kù sílẹ̀ lára yáàdì yín, màá tú iwájú yìí, màá fi èyí tó ṣẹ́kù pààrọ̀ ẹ̀, ojú ìránṣọ kan máa wà níbí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, torí ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́."

A ò rí irú ẹ̀. A rí èyí tó jọ ọ́, òdòdó tiẹ̀ tóbi ju, Alhaji ní àwọn ò wọ ọ́. La bá tú iwájú, bíléèdì lọ́wọ́ mi láti ọ̀sán Fúráìdè di òru, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ọ̀gá lórí Singer, làǹtánì méjì. Láàárọ̀ Sátidé Alhaji wọ agbádá yẹn lọ ṣègbéyàwó ọmọ wọn, ojú ìránṣọ yẹn wà lápá òsì lábẹ́ iṣẹ́ ọrùn, tí kì í bá ṣe pé èèyàn mọ̀ ọ́n kò lè rí i.

Ẹ má retí kí n wá sọ pé Alhaji di kọ́sítọ́mà wa títí láé. Wọn ò san kọ́bọ̀, ọ̀gá ò dẹ̀ bèèrè, wọn ò padà wá mọ́ títí tí mo fi kúrò níbẹ̀. Séníọ̀ mi tó ní eku lọ́wọ́ ń yọ ṣùtì sí wa, ó ní ṣé ẹ rí i, òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Mo bi ọ̀gá lọ́jọ́ kan pé ṣé kò dùn wọ́n, wọ́n ní "ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà, ta ló máa gbé léèsì fún ẹni tó jó o?" Ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo rò pé mi ò ní fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù mọ́ láyé, àwọn fúnra wọn ló ní kí n lọ dáná èédú. Wọ́n kọ́ mi pé kí n fẹ́ ẹ títí tí gbogbo ẹ̀ á fi pọ́n, torí èyí tí ò tíì jóná tán ló máa ń ta, kí n fẹ́ eérú ẹ̀ dànù níta, tó bá dẹ̀ jẹ́ léèsì ni, kí n tẹ́ aṣọ tútù lé e kí n tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Wọ́n ní ó yẹ kí àwọn ti kọ́ mi ṣáájú. Nígbà tí mo yọjú wo ìwé, bírò pupa ti kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Ọ̀gá tún mọ̀ ọ́n sọ pé rárá, ìyẹn ló máa ń dun àwa ọmọọṣẹ́ jù. Tí Iléyá tàbí Kérésì bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á gbé káádíbọ́ọ̀dù síwájú ṣọ́ọ̀bù, A Ò GBA AṢỌ MỌ́. Àwọn èèyàn á máa bẹ̀, wọ́n á ní àwọn máa san ìlọ́po méjì, ọ̀gá á ní "ṣé ọwọ́ mi máa wá di mẹ́rin torí ẹ̀?" Ṣọ́ọ̀bù kejì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ń gbà á, wọ́n ń gbà á títí di àìsùn ọdún, lọ́jọ́ ọdún gan-an wàá máa gbọ́ ariwo níbẹ̀, èèyàn mẹ́wàá ló ń jà lórí aṣọ tó "ku bọ́tìnnì nìkan".

Rárá tó wọ́n jù tí mo mọ̀ nílẹ̀ yìí ni ti Dókítà Ameyo Adadevoh. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó lọ́dún yẹn, 2014, mo rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ ní òru nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ní iyọ̀ ló ń lé Ebola. Ogúnjọ́ oṣù keje ni Patrick Sawyer dé láti Làìbéríà, ó ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan ní Ọbáléndé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Dókítà Adadevoh yẹ̀ ẹ́ wò, ọkàn wọn ò balẹ̀, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ Ebola, ọkùnrin náà ní rárá, wọ́n ṣì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Àwọn aláṣẹ láti ìlú ẹ̀ wá ń pè, wọ́n ní ẹ fi í sílẹ̀, ó ní ìpàdé ní Calabar. Dókítà ní kò ní jáde níbí. Kò tíì sí Ebola ní Nàìjíríà rí o, wọn ò rí irú aláìsàn yẹn rí láyé wọn, ohun tí wọ́n kọ́ ni wọ́n dì mú. Sawyer kú nínú oṣù yẹn. Dókítà náà kó o, wọ́n kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ogún èèyàn ló ní in ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, nígbà tó máa fi di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá àjọ ìlera àgbáyé ti kéde pé kò sí mọ́. Ẹ fojú inú wo ká ní ó bọ́ sí Ọ̀ṣòdì. Ẹ fojú inú wo dáńfó kan ṣoṣo.

Kò sẹ́ni tó rántí irú bàtà tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ rárá yẹn, èmi náà ò dẹ̀ lè gbé ara mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú wọn, torí ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

2019, ìparí oṣù, èmi ni mo ṣe ìwé owó oṣù. Mo to orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ láti A dé Z nínú Excel, mi ò mú kọ́lọ́ọ̀mù owó ofataìmù mọ́ ọn, orúkọ rìn, owó dúró. Ofataìmù dírẹ́bà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kì í dúró kọjá aago mẹ́rin, báyìí báyìí lọ. Alẹ́ Fúráìdè ni mo rí i nílé, owó ti wọlé fún oníkálukú. Inú mi pòrúúrù. Mo ní kò burú, oṣù tó ń bọ̀ màá tún un ṣe wẹ́rẹ́, ta ló máa mọ̀. Ẹ ò rí i pé mo ti ká ihò yẹn sínú.

Àwọn tó gbà ju iye wọn lọ ò sọ nǹkan kan, ẹ mọ̀ wá náà. Àwọn tí tiwọn dín ló pariwo lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kọ́pà kan wà lọ́dọ̀ wa, òun ló máa ń gbé ìwé yẹn sórí ìkànnì báǹkì, mánẹ́jà bá fún un ní kúérì. Mo rí ọmọ yẹn níbi tó ti ń kọ èsì, ó ń nu ojú, ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ pọn omi mu. Túsìdé mo jókòó kọ ímeèlì kan sí mánẹ́jà, mo fi òyìnbó gidi kọ ọ́, irú èyí tó máa dùn mọ́ ọkùnrin onísúùtù yẹn nínú. Mo ní wọ́n ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú iye owó. Mo kà á padà. Ta ni "wọ́n"? Nínú ímeèlì tí mo kọ yẹn, àṣìṣe náà fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ọ́fíìsì ni, kò mọ ilé mi. Mo pa á rẹ́. Wẹ́sìdé ni mo tó lọ kanlẹ̀kùn mánẹ́jà, mo ní "sà, èmi ni mo ṣì í." Wọ́n wò mí, wọ́n ní "o mọ̀ láti ìgbà wo?" Mo ní Fúráìdè. Wọn ò tún bi mí ní nǹkan míì, wọ́n kàn ń wò mí, kúérì tèmi dé kó tó di ọ̀sán.

Kọ́pà yẹn ti kúrò tipẹ́, ó níṣẹ́ tó dáa níbòmíì báyìí. Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó ṣẹlẹ̀, ó máa ń wá sídìí tábìlì mi, á jókòó sí etí ẹ̀, á máa fún mi ní gíìsì gbogbo ọ́fíìsì. Lẹ́yìn ẹ̀, "good morning sir" nìkan ló kù, títí ó fi ṣe tán. Mo tọrọ àforíjì o, ó ní kò sí wàhálà. Ọjọ́ márùn-ún yẹn ni kò lọ.

Ẹ̀yin kọ́sítọ́mà náà, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ẹni tó gbé aṣọ fún télọ̀, tó san ẹgbẹ̀rún méjì nínú mẹ́wàá, tó wá sọ pé "ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí, ìyókù á bọ̀", òun náà ò mọṣẹ́. Bí epo ṣe kúrò lábẹ́ igba náírà tó fò sókè tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, télọ̀ mi l'Ékòó pè mí lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó ní "bọ̀ọ̀dá, aṣọ yín tó wà lọ́wọ́ mi, iye tá a sọ náà ni, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bá máa gbé wá lẹ́yìn ẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ o." Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fún lówó. Òun kan náà ló pa irọ́ bọ́tìnnì fún mi ní Kérésì ọdún yẹn ṣá.

Mo lọ kí ọ̀gá n'Íbàdàn ní Disẹ́ńbà tó kọjá. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni, Singer wà níbẹ̀, sólà kékeré kan wà lórí páànù, áyọ́ọ̀nù eléèédú ti di ohun tí wọ́n fi ń dí ilẹ̀kùn kó má bàa padé. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Mo jókòó tì wọ́n, obìnrin kan gbé léèsì funfun wá fún ọkọ ẹ̀, ó ní ọ̀gá ló rán ti ìgbéyàwó àwọn, òun ò fẹ́ ẹlòmíì. Ọ̀gá na léèsì yẹn sínú oòrùn, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n ṣe é pẹlẹbẹ padà, wọ́n ní "ìyàwó mi, ojú mi ò rí òwú funfun lórí aṣọ funfun mọ́. Áńkárá ni mò ń rán báyìí." Obìnrin yẹn bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n pe ọmọọṣẹ́ wọn kan tó wà ní Sángo lórí fóònù níwájú ẹ̀, wọ́n ka ìwọ̀n ọkọ ẹ̀ fún un látinú ìwé, ìwé tí wọ́n gbé súnmọ́ imú kí wọ́n tó lè kà á, wọ́n ní "tó o bá pẹ́ kó tó ṣe tán, pè é, má jẹ́ kó pè ẹ́."

Nígbà tó lọ tán wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Mo ní ọ̀gá, mi ò gbé aṣọ wá o. Wọ́n ti yọ téèpù lọ́rùn. Wọ́n wọ̀n mí ní èjìká, wọ́n wọ̀n mí ní ìbàdí, wọ́n gbé téèpù yẹn wá síwájú ojú, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n ní kí ni mò ń jẹ l'Ékòó. Wọ́n wá ní kí n bá wọn ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Mo kà á, mo dín in díẹ̀, ìtìjú ni. Wọ́n ti ìwé sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n kọ ọ́ fúnra mi, kí n dẹ̀ kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ẹ̀, torí tí ṣòkòtò yẹn bá fún mi, àwọn ò ní wá ẹni tó kà á ṣì kiri.

Mo mú bírò. Mo ní "ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n."